Ta Ló Pinnu? Olùwà Nínú Ọ̀rọ̀ Ààbò Orílẹ̀-Èdè

Bí wọ́n bá bi wá pé, "Ibo lẹ ti ń bọ̀?", a lè dáhùn pé, "Kúbà." Bí wọ́n bá bi wá pé, "Ta ló bínú?", a kì í dárúkọ ibì kan. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ààbò orílẹ̀-èdè, "Amẹ́ríkà rò pé," "Sófìẹ́tì pinnu" ló kún ibẹ̀. Orúkọ ibi ti di olùwà fún ọ̀rọ̀-ìṣe tó nílò ọpọlọ.

Àwa náà máa ń ní "ìlú ti pinnu," ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọba, ìjòyè àti baálé ti fa ọ̀rọ̀ náà títí kó tó tòrò. Ewu dé nígbà tí a bá gbàgbé wọn, tí a wá rò pé orí kan ṣoṣo ló jókòó ṣírò èrè àti àdánù. Èrò yìí ló wà nídìí fífi ohun ìjà olóró dẹ́rù ba ọ̀tá: kò ní kọlù wá, torí ó mọ̀ pé òun náà ò ní yè é.

Ẹ wo ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, ọdún 1962. Wọ́n já ọkọ̀ òfuurufú U-2 ti Amẹ́ríkà lulẹ̀ ní Kúbà. Rudolf Anderson tó wà á kú. Àwọn olùdámọ̀ràn Kennedy ń bi ara wọn pé kí ló dé tí Moscow fi yí ohùn padà. Moscow kọ́ ló ní kí wọ́n yìnbọn yẹn. Àwọn ọ̀gá ológun Sófìẹ́tì tó wà ní Kúbà ló pàṣẹ. Khrushchev ò fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, U-2 mìíràn ṣìnà wọ òfuurufú Sófìẹ́tì. Kennedy kọ́ ló rán an.

Kennedy ò gbẹ̀san lójú ẹsẹ̀. Ká ní ó gbẹ̀san ni, ogun lè ti bẹ́.

Ní 1971, Graham Allison kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, Essence of Decision. Ó ní yàtọ̀ sí èrò olórí kan, ó yẹ ká wo ìlànà iṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àti fà-á-kí-n-fà-á àwọn aláṣẹ.

Ohun tí mo rí kọ́ kò ju ohun tí a ń ṣe ní kíláàsì síńtáàsì lọ. Bí mo bá ka "Amẹ́ríkà fẹ́," mo máa ń béèrè pé, "Ta ni?" Bó bá jẹ́ orúkọ ibi ni ìdáhùn, mo tún un bi.