Ọdún kan péré ni mo lò, mo fẹ́ pààrọ̀ yunifásítì

Màmá, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mo wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì ìpínlẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì ni mo yàn nínú fọ́ọ̀mù JAMB, Zoology ni wọ́n fún mi. Bàbá mi ní kí n gbà á bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ti wọlé ti wọlé. Mo ní 3.9 nínú 5 ní sáà kìíní, àmọ́ mi ò fẹ́ràn kọ́ọ̀sì yìí rárá. Bí wọ́n bá ti ń la ọ̀pọ̀lọ́ níwájú wa báyìí, èébì ló máa ń gbé mi. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé ní kí n rọra tún JAMB ṣe, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ́ńkù mi tó jẹ́ àbúrò màmá mi ní òun mọ yunifásítì aládàáni kan tó máa gbà mí tààrà sí ọdún kejì nọ́ọ̀sì tí owó bá ti wà nílẹ̀. Bàbá mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ yín, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ọmọ mi, 3.9 nínú kọ́ọ̀sì tí o kò fẹ́ràn kì í ṣe èsì ọ̀lẹ. Kíláàsì kejì apá òkè nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ ṣeé bá ẹnikẹ́ni sọ, nítorí kò sí yunifásítì tó ń wá ẹni tó ń sá fún káríọ́fà.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ibi tí o ti bú iléèwé yẹn. O ò ráhùn nípa hósítẹ́ẹ̀lì, o ò ráhùn nípa olùkọ́. Zoology lo fẹ́ fi sílẹ̀, kì í ṣe yunifásítì. Nítorí náà, ibi tí o wà yẹn ni kí o ti kọ́kọ́ béèrè. Ṣé wọ́n ní dípátímẹ́ǹtì nọ́ọ̀sì? Ṣé wọ́n máa ń gba ẹni tó ń ti dípátímẹ́ǹtì mìíràn bọ̀ lẹ́yìn ọdún kìíní? Máàkì mélòó ni wọ́n ń fẹ́? Tó bá bọ́ sí i níbẹ̀, o ò ní kó ẹrù lọ síbì kankan.

Àmọ́ má retí pé yóò rọrùn. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ló ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí iléèwé kọ̀ọ̀kan lè gbà, àyè díẹ̀ ló sì máa ń ṣẹ́ kù ní ọdún kejì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í fi í gba tìránsífà sí nọ́ọ̀sì.

Tó bá jẹ́ yunifásítì mìíràn ló kù, fọ́ọ̀mù méjì ni wàá gbà: ti ibi tí o ń lọ, àti ti JAMB lórí ìkànnì wọn. Wọn yóò wo èsì WAEC tàbí NECO rẹ bóyá kírẹ́díìtì wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Tránskíríìpù ló máa ń fa wàhálà jù. Iléèwé rẹ ni yóò fi í ránṣẹ́ sí iléèwé kejì, wọn kì í kó o lé ọ lọ́wọ́, ó sì lè wà lórí tábìlì akọ̀wé títí ọjọ́ tí wọ́n fún yín yóò fi kọjá. Lọ́jọ́ tí èsì sáà kejì bá jáde ni kí o ti béèrè fún un, kí o sì máa lọ kí wọn déédéé níbẹ̀. Ohun kan tó dára ni pé ètò ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì, mú wọlé ní 2023 ti sọ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún di ọ̀kan náà ní gbogbo yunifásítì. Kọ́ọ̀sì GST 111 tí o ṣe lọ́dọ̀ yín náà ni wọ́n ń ṣe níbòmíràn.

Ọ̀rẹ́ rẹ wá ńkọ́? Títún JAMB ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, fífi pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. JAMB kò gbà kí ẹnì kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà; wọ́n ní kí ẹni tó ti wà ní iléèwé sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń forúkọ sílẹ̀. Tí ìgbaniwọlé tuntun bá jáde, ti àtijọ́ parẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́ lè pàdánù méjèèjì. Lóòótọ́, ọdún kìíní ni wàá tún ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí tìránsífà kò bá bọ́ sí i, ọ̀nà yìí gan-an ni màá ní kí o gbà, ní gbangba.

Ti ọ́ńkù rẹ ló ń kọ mí lóminú. Ẹ wò ó bóyá Ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn fọwọ́ sí dípátímẹ́ǹtì nọ́ọ̀sì yunifásítì tó ń sọ, nítorí àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o ò ní lè ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì. Ẹ sì bi yunifásítì náà bóyá tìránsífà náà yóò gba ọ̀dọ̀ JAMB. Àwọn kan wà tí wọn ò mọ̀ pé orúkọ àwọn ò sí lọ́dọ̀ JAMB àfi ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń wọṣọ àgùnbánirọ̀. Owó ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, náà kò kan yunifásítì aládàáni. Àpò bàbá rẹ ni gbogbo rẹ̀ yóò ti jáde.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò gba ọ̀pọ̀lọ́, ṣé yóò gba egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ tó ti ń rùn? Bóyá yóò gbà á, torí pé èèyàn ló ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n má fi àbá ṣe é. Nígbà ìsinmi, bẹ mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí yín kó jẹ́ kí o máa wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí o bá lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ tí ọkàn rẹ ṣì wà níbẹ̀, a jẹ́ pé o mọ ohun tí ò ń wá.

Bàbá rẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ kí èyíkéyìí tó bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí màmá rẹ bá ọ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí o sì mú èsì 3.9 yẹn dání. Kí bàbá tó gbọ́, má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọ́ńkù rẹ.