Ajá Ilé Wa àti Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ ajá la mú wá lónìí, ajá tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà yín, tó ń bá ọmọ yín ṣeré.

Ajá mọ olóore, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣọ́lé, ó ń bá ọdẹ lọ sígbó. Ṣùgbọ́n ajá wo ló sábà máa ń gé ọmọdé jẹ? Ẹ lè rò pé ajá àjèjì ni. Rárá o! Lọ́pọ̀ ìgbà, ajá tọ́mọ náà mọ̀ ni: tilé, tàbí ti aládùúgbò.

Ajá ò lẹ́nu tó lè fi sọ pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀." Ara ló fi ń sọ ọ́. Bó bá ń gbójú kúrò, tó ń lá ètè bẹ́ẹ̀ kò sí oúnjẹ níwájú ẹ̀, ara rẹ̀ ò balẹ̀ nìyẹn. Bó bá ki ìrù bọ àárín itan, tó tẹ etí sẹ́yìn, ẹ̀rù ń bà á. Bí ara rẹ̀ bá wá le gbagidi, tó tẹjú mọ́ ọmọ, tó ń kùn, ẹ pe ọmọ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má na ajá torí pé ó kùn. Ìkìlọ̀ ló ń ṣe. Ajá tí wọ́n bá nà títí tí kò fi kùn mọ́, lọ́jọ́ kan á kàn gé èèyàn jẹ láìkìlọ̀ ni.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín báyìí:

Ẹ má fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun, tó ń sùn, tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú.
Ẹ má fa ìrù tàbí etí ẹ̀.
Bí ajá tẹ́ ò mọ̀ bá ń bọ̀, ẹ má sáré. Ẹ dúró bí igi, ẹ kó ọwọ́ mọ́ra, ẹ má wò ó lójú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ kékeré àti ajá nìkan sílẹ̀ pa pọ̀, bó ti wù kí ajá náà níwà tó.

Kí ló dé tá a fi ń tẹnu mọ́ ọn? Àrùn dìgbòlugi ni. Inú itọ́ ẹran tó ní in ló ń gbà wọ ara èèyàn, ajá ló sì ń kó o ran àwa èèyàn jù. Tí àmì ẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Ẹ wò ó, ẹni tó mọ ìwà ajá ẹ̀ ló máa tètè fura. Ajá tó tutù tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bu gbogbo ohun tó bá rí jẹ. Èyí tó le tẹ́lẹ̀ á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ohùn ẹ̀ á yí padà, itọ́ á máa dà, kò ní lè gbé nǹkan mì. Ẹ má sún mọ́ ọn o.

Bí ajá bá gé èèyàn jẹ, tàbí tó ya á léèékánná, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ata, epo tàbí eérú sí i. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ lọ sílé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́. Ẹ má dúró de àìsàn, torí ó lè tó oṣù mélòó kan kó tó hàn, nígbà yẹn ó ti pẹ́ jù.

Bí ajá náà bá ṣeé dè láìléwu, ẹ má pa á. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bára ẹ̀ bá ṣì le lẹ́yìn ọjọ́ 10, a jẹ́ pé kò ní dìgbòlugi nínú itọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó gé èèyàn jẹ. Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn dá abẹ́rẹ́ ọmọ dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ọmọ ajá lọ́jà, ẹ fi owó abẹ́rẹ́ kún owó ẹ̀. Bó bá ti pé oṣù 3, ẹ mú un lọ bá dókítà ẹran, kẹ́ ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Owó abẹ́rẹ́ ajá kan kéré sí ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa gún fún ọmọ tí ajá gé jẹ.

Ẹ sọ fún aládùúgbò yín tí kò gbọ́. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa.