Ẹni Tó Máa Bèèrè Ló Ni Ìwé

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Nínú àkísà mi ni mo ti fẹ́ fa díẹ̀ yọ lónìí fún ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Johannesburg níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú fáìlì fún kọ́ńpínì ńláńlá ní Sandton, àti ẹ̀yin tí ẹ ti dá iléeṣẹ́ tiyín sílẹ̀, tó jẹ́ pé inú fóònù kan ṣoṣo ni rìsíìtì, àdéhùn àti orúkọ oníbàárà yín wà. Ìwé tí ẹ ń tọ́jú yẹn kì í ṣe tiyín. Ti ẹni tó máa wá bèèrè rẹ̀ ni.

Ojú ilẹ̀ yìí ti rí i. Ní 1993, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà rí i pé agbára ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun ìwé. Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu darí ròyìn ní 1998 pé láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, olú-iléeṣẹ́ náà nìkan pa nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 44 ìwé àti máíkírófíìmù run. Wọ́n lo iná ìléru iléeṣẹ́ irin Iscor ní Pretoria. Ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀, kí ló fẹ́ bi eérú? Kò yà mí lẹ́nu pé òfin PAIA ti 2000 wá sọ pé ẹni tó bá bèèrè ìwé, ọjọ́ 30 ni ẹ ní láti fi dá a lóhùn. Kì í ṣe ìjọba nìkan o. Kọ́ńpínì aládàáni wà níbẹ̀, bí ẹni náà bá nílò ìwé ọ̀hún láti fi gbèjà ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Àmọ́ pé èèyàn kò sun ìwé kò sọ pé ó tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo ẹjọ́ Rivonia, tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà yẹn fi kan àwọn tó ń ta kò ó. Oko Liliesleaf, níhìn-ín ní Johannesburg, ni ọlọ́pàá ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùjẹ́jọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 1963. Nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ náà ní Pretoria, wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀ sórí Dictabelt, bẹ́líìtì ike tó rọ̀, tí abẹ́rẹ́ ń fín ohùn sí lára bó ti ń yí. Ó jẹ́ 591, nǹkan bíi wákàtí 230. Kò sẹ́ni tó sun ún, ọwọ́ ìjọba ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń lù ú ti kúrò lọ́jà, ike náà sì ti ká kò. UNESCO kọ ìwé ẹjọ́ náà sínú àkójọ Ìrántí Ayé ní 2007, síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn náà, kò sétí tó lè gbọ́ ọ. Ó di ilẹ̀ Faransé, ní iléeṣẹ́ INA tó ń tọ́jú ohùn àti àwòrán, kí wọ́n tó fi Archéophone, ẹ̀rọ tí Henri Chamoux fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, lu àwọn bẹ́líìtì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì sọ wọ́n di fáìlì kọ̀ǹpútà. Ó ti tó àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìdájọ́ nígbà náà.

Tiyín kò tiẹ̀ ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ètò ìṣirò owó tí ẹ kò sanwó rẹ̀ mọ́, CD tí kọ̀ǹpútà tuntun kò níhò fún, akọ̀wé tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tó sì gbé password lọ: fáìlì wà, kò ṣí. Ẹ fi wọ́n pamọ́ ní PDF/A, irú fáìlì tí wọ́n ṣe fún ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹ ní ẹ̀dà níbòmíràn, kí ẹ sì máa ṣí ti àtijọ́ wò lọ́dọọdún. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n bá já gbà nínú ọkọ̀ kì í padà wá, ẹ̀dà yẹn ló máa gbà yín.

Ní ti iye ọdún tí ìwé máa fi wà lọ́wọ́ yín, òfin kọ́ńpínì ní kí ẹ tọ́jú ìwé fún ọdún méje, SARS, àjọ tó ń gba owó orí, ní ọdún márùn-ún. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ da nǹkan nù, ibẹ̀ ni POPIA, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, ti máa mú yín. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2021, ìwé ìdánimọ̀ ẹni tó wá wáṣẹ́ tí ẹ kò gbà, ẹ kò gbọdọ̀ mú un lọ́wọ́ kọjá ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀. Ẹ pa á rẹ́ débi tí ẹnikẹ́ni kò ní lè tò ó pọ̀ mọ́, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ pa rẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, òfin tí ẹ tẹ̀ lé àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Èyí tí ẹnì kan bá ti bèèrè, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá rò pé òfin POPIA yìí kò lè bu èèyàn ńlá jẹ, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìdájọ́ fúnra rẹ̀ ni àjọ Information Regulator bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 rándì lé lórí ní 2023. Àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ti fáìlì wọn pa ní oṣù Kẹsàn-án 2021, débi pé owó ìtọ́jú ọmọ táwọn ìyá ń retí há. Nígbà tí àjọ náà tú ọ̀rọ̀ náà wò, ìwé àṣẹ antivirus wọn ti parí láti 2020, wọn kò tún un ṣe. Ẹ lọ wo ọjọ́ tí tiyín máa parí.