Àbá àti Ìmọ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Oko Ẹ̀gẹ́

Àwọn àgbà wa ní àbá ní í di òtítọ́. Àwọn kan náà ni wọ́n ní àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. A kò rí ìjà láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì: ìdánwò ni ó ń ya àbá kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo oko ẹ̀gẹ́. Láàrin 1970 sí 1980, kòkòrò kan tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni tí a bu ìyẹ̀fun sí tàn láti ilẹ̀ Kóńgò dé ọ̀dọ̀ wa. Àgbẹ̀ tí ń dé oko lójoojúmọ́, ní Akínyẹlé tàbí ní Lágelú, kò ṣàìmọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń ṣọṣẹ́ jù. Ìmọ̀ gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí a ó ti wá àtúnṣe.

Àbá ni ó sọ ọ́. Hans Herren àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, rò ó pé àlejò ni kòkòrò náà, àti pé ó fi ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí ẹ̀gẹ́ ti wá. Ní 1981 ni wọ́n rí ọ̀tá ọ̀hún ní Paraguay: agbọ́n kan tí kò tó hóró ìrẹsì, tí ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà, kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ẹ́ láti inú. Lọ́dún kan náà ni wọ́n tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ká ní kò ṣiṣẹ́ ni, orúkọ ńlá kankan kì bá gbé àbá náà ró.

Ó ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 20. Síbẹ̀, lórí ilẹ̀ oníyanrìn tí kò lọ́ràá, agbára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tó. Ìyẹn sì tún béèrè àbá mìíràn.