G6PD Ọmọ Mi Kò Tó: Ṣé Èmi Ni Mo Fà Á?

Ibà ń ṣe ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, mo bá ra oògùn tí wọ́n dì sínú ọ̀rá fún un ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn àdúgbò wa. Lọ́jọ́ kejì, ìtọ̀ rẹ̀ dà bí omi sobo, ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fà sí i lára ní ọsíbítù. Wọ́n ní G6PD rẹ̀ kò tó. Màmá ọkọ mi wá ń bi mí pé nígbà tí èmi àti ọkọ mi jọ jẹ́ AA, níbo ni mo ti kó àrùn ẹ̀jẹ̀ wọlé?
– Ìyá Ọlọ́mọ, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ìyá Ọlọ́mọ, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ni AA ń sọ. Kò kan G6PD rárá.

Ẹ́ńsáìmù tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni G6PD. Ọmọ tí tirẹ̀ kò tó lè máa ta kébékébé títí yóò fi lo oògùn tí kò bá a lára mu. Nígbà náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn á máa fọ́, tí ohun inú wọn á sì máa bá ìtọ̀ jáde.

Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àìtó G6PD, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lè ti jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá tàbí ìyá yín. Ibi tí ibà ti ń jà ló ti wọ́pọ̀ jù.

Oògùn inú ọ̀rá yẹn ló dùn mí jù: funfun mélòó kan, pupa mélòó kan, kò sí orúkọ lára wọn. Dókítà ò lè mọ èyí tó ṣe é. Ẹ má rà á mọ́. Dapsone, nitrofurantoin àti primaquine wà lára àwọn tó lè ṣe é ní jàǹbá. Káńfọ̀ náà lè ṣe é ní jàǹbá; ẹ má fi í sáàárín aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀rù fi ibà sílẹ̀ láìtọ́jú. Dókítà lè fún un ní àpapọ̀ artemether àti lumefantrine.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ G6PD yìí sí káàdì rẹ̀, kí ẹ sì máa sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fún un lóògùn. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín obìnrin náà, nítorí àwọn ọmọkùnrin tiwọn.

Ẹ mú Màmá dání lọ sí ọsíbítù nígbà tó bá kàn. Àwọn náà a máa fún ọmọ lóògùn nílé. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà.