Ìjìyà Àti Ìtòrò Ìlú: Ta Ni Òfin Ń Mú?

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ìjìyà àti ipa tó ń kó nínú ìtòrò ìlú.

Àwọn àgbà ní ìlú tí kò bá sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí òfin bá sì wà, tí kò sí ìjìyà fún ẹni tó rú u, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ìjìyà ń ṣe: ó ń dá ọwọ́ ọ̀daràn dúró, ó ń kọ́ àwọn tó ń wòran lọ́gbọ́n, ó sì ń tu ẹni tí a ṣẹ̀ nínú, kí ó má baà gbẹ̀san fúnra rẹ̀.

Ṣé bí ìjìyà bá ti le tó ni ìlú yóò ṣe tòrò tó? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọdún 1970, ìjọba ológun Nàìjíríà ṣòfin pé ikú ni ìjìyà adigunjalè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, wọ́n yìnbọn pa Ishola Oyenusi àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Bar Beach l'Ékòó, ní ojú ọ̀pọ̀ èrò. Síbẹ̀, ní ọdún 1986, Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jìnnìjìnnì bá gbogbo ìlú Bìní. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àṣírí tú pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan, George Iyamu, wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n pa òun náà pẹ̀lú Anini ní oṣù kẹta ọdún 1987. Ìbọn ìjọba kò lè dẹ́rù ba olè tó mọ̀ pé ẹni tó yẹ kó mú òun ni alábàáṣe òun.

Ìdí nìyí tí Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò fi gba ojúsàájú láyè. Ní ọdún 8 Hijira (630), nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ṣẹ́gun Makkah, obìnrin kan láti ìdílé ńlá, ìdílé Makhzum, jalè. Àwọn èèyàn rẹ̀ rán Usama ọmọ Zayd, ẹni tí Ànọ́bì fẹ́ràn, pé kó bá wọn bẹ̀bẹ̀. Ànọ́bì bínú sí i. Ó ṣàlàyé pé ohun tó pa àwọn ìjọ ìṣáájú run ni pé wọ́n ń fi ọlọ́lá sílẹ̀ bó bá jalè, wọ́n sì ń fìyà jẹ aláìlágbára. Ìdájọ́ kan náà ni fún Fatimah, ọmọ rẹ̀, bó bá ṣe irú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì wà lọ́dọ̀ Umar ọmọ Khattab. Ní ọdún ọ̀dá, 18 Hijira (639), ebi pa àwọn èèyàn gidigidi, Umar sì dá gígé ọwọ́ olè dúró. Nígbà kan, àwọn ẹrú Hatib jí ràkúnmí ẹlòmíràn pa jẹ. Nígbà tí Umar rí i pé olówó wọn ló ń febi pa wọ́n, kò gé ọwọ́ wọn. Olówó wọn ló ní kó san 800 dirham fún ràkúnmí tí owó rẹ̀ jẹ́ 400.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá gbọ́ igbe olè lọ́jà, tí àwọn kan ń gbé táyà àti epo bẹntiróòlù bọ̀, ẹ má bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu nítòsí Port Harcourt, wọ́n lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n, nítorí igbe olè tí adájọ́ kankan kò gbọ́. Ìpànìyàn nìyẹn, kì í ṣe ìjìyà. Ìdájọ́ di ọwọ́ adájọ́, lẹ́yìn ẹ̀rí. Ẹ gba ẹni tí wọ́n mú sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú, kí ẹ fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ ọmọ ilé yín ló jalè, ẹ má ṣe wá ẹni ńlá tí yóò bá a sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìmọ̀ yìí ṣe wá láǹfààní. Aamin.

Ìbéèrè fún àpérò:
1. Iṣẹ́ mẹ́ta wo ni ìjìyà ń ṣe láwùjọ?
2. Kí ló dé tí Umar fi bu owó ìtanràn lé Hatib, tí kò gé ọwọ́ àwọn ẹrú rẹ̀?