Inú Ẹ̀fọ́ ni Kòkòrò Ẹ̀fọ́ Ń Gbé

Àwọn àgbà ní inú ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ ń gbé. Obìnrin tí irun àtàrí rẹ̀ ń re kì í sábà rántí òwe yìí. Onídìrí ni yóò kọ́kọ́ bínú sí. Lẹ́yìn náà yóò pààrọ̀ ọṣẹ ìfọrun, yóò ra òróró àgbọn àti òróró lárà, yóò sì wá wíìgì tó dára bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ibi tó pá ti fẹ̀ sí i lábẹ́ wíìgì. N ò ní kí ẹnikẹ́ni má ra òróró o. Ohun tí mò ń sọ ni pé òróró kì í yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, inú ẹ̀jẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ irun mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Onídìrí náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Bí irun bá ń re ní ẹ̀bátí àti ní etí iwájú orí, níbi tí wọ́n ti ń fà á le jù, ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó dirun tán tí kò lè fi orí lélẹ̀ sùn, tí irorẹ́ kéékèèké sì ń yọ sí ìdí irun, kó tú u lálẹ́ ọjọ́ náà. Owó tó san ti lọ, irun ṣì kù. Ṣùgbọ́n èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti àárín orí, tó ń fẹ̀ síta yípo, tó ń yún tàbí tó ń ta, ọ̀tọ̀ ni. CCCA ni àwọn oníṣègùn awọ ara ń pè é, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ló sì ń bá jà jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òòyà gbígbóná ni àwọn ìwé ìṣègùn di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ní 2019, ìwádìí kan nínú New England Journal of Medicine fi hàn pé apá kan nínú àwọn tó ní in ló jogún àléébù nínú àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní PADI3, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú bí ara ṣe ń ṣe fọ́nrán irun. Òòyà gbígbóná lè dá kún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, àwọn dókítà Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà, yẹ àkọsílẹ̀ ìlera àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó lé ní 480,000 wò. Nínú 447 tó ní CCCA, ìpín 13.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní fáíbírọ́ọ̀dì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ìju. Láàárín àwọn tí kò ní in, ìpín 3.3 péré ni. Kò túmọ̀ sí pé orí pípá ló ń fa ìju, tàbí pé ẹni tí irun rẹ̀ ń re gbọ́dọ̀ sáré lọ fi ẹ̀rọ wo ilé ọmọ lónìí. Àìsàn méjèèjì ló jọ ní í ṣe pẹ̀lú ara tó ń hu ẹran àpá ju bó ṣe yẹ lọ. Bí nǹkan oṣù rẹ bá ń dà gììrì, tí inú rẹ sì ń wú, tí àtàrí rẹ tún ń pá, má ṣe sọ ọ̀kan fún dókítà kó o fi èkejì pa mọ́ lábẹ́ gèlè.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà ló wá yà mí lẹ́nu jù. Àwọn olùwádìí rí i pé nínú awọ orí àwọn tó ní CCCA, iṣẹ́ àwọn àbùdá tó ń bójú tó bí ara ṣe ń lo ọ̀rá àti agbára ti rẹlẹ̀. Metformin, oògùn tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò káàkiri, máa ń ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jí. Ni wọ́n bá gbìyànjú rẹ̀. Ní 2020, wọ́n ròyìn obìnrin méjì tí wọ́n fi í pa orí lẹ́yìn tí ìtọ́jú mìíràn ti kùnà, tí irun sì hù. Ní 2024, wọ́n tún ròyìn obìnrin 12 tó ń gbé hóró mílígíráàmù 500 mì lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Irun hù lórí nǹkan bí ìdajì wọn. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n èèyàn méjìlá kò tó ọjà. Nítorí náà má ṣe lọ tọrọ metformin lọ́wọ́ ìyá àgbà tó ń tọ́jú ṣúgà rẹ̀, má sì rà á fúnra rẹ ní kẹ́míìsì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: oògùn yìí ń da inú rú, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáká sì ní láti ṣọ́ra fún un.

Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ohun tó burú nínú CCCA ni pé àpá ló máa ń dá sílẹ̀, irun kì í sì í hù lójú àpá. Kí ọmọ rẹ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ wo àtàrí rẹ ní ojúmọmọ, lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Kó fi ìrù òòyà la irun sí méjì, kó sì wo awọ tó wà láàárín. Bí ó bá rí ihò irun kéékèèké, ìrètí ṣì pọ̀. Bí ibẹ̀ bá ń dán, tó tẹ́jú, tí kò sí ihò kankan, àpá ti gbà á nìyẹn. Irun àtàrí tó kàn ń já, tí kì í gùn bí ti ìpàkọ́, lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́. Ẹ fi fóònù ya ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún un yà lóṣooṣù. Ojú máa ń tan èèyàn, fọ́tò kì í gbàgbé.

Àwọn dókítà awọ ara wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH Ìbàdàn, LUTH ní Èkó, àti OAUTHC Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n lè ní àwọn fẹ́ gé awọ díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹ má fòyà: wọn yóò gún ibẹ̀ lábẹ́rẹ́ kí ó má bàa dùn yín, ohun tí wọ́n ń gé kò sì ju nǹkan bíi mìlímítà 4 lọ. Etí ibi tó pá, níbi tí irun ṣì wà, ni wọ́n ti ń gé e; bí ẹnì kan bá fẹ́ gé àárín tó ń dán, ẹ bi í léèrè ìdí. Ẹ sì bèèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: ṣúgà, tàírọ́ọ̀dì, àti irin tó wà nípamọ́ nínú ara, nítorí PCV, àyẹ̀wò tó ń wọn iye ẹ̀jẹ̀, lè dára kí irin ìpamọ́ má tó. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé, tí irùngbọ̀n sì ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, kó dárúkọ PCOS, àìsàn ilé ẹyin obìnrin kan, fún dókítà, torí ó máa ń bá ṣúgà rìn. Ìyá tuntun tí irun rẹ̀ ń já wọ ọwọ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbí, kó fọkàn balẹ̀. Ìyẹn sábà máa ń dúró fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan.

Ẹ̀yin ọkùnrin, wọ́n ní apárí fojú di abẹ, ọ̀pọ̀ yín kò sì ka orí pípá sí àrùn. N ò bá yín jà. Àmọ́ ní 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Tokyo kó ìwádìí tó kan ọkùnrin bíi 37,000 jọ, wọ́n sì rí i pé àwọn tí àtàrí wọn pá ni àrùn òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ń mú jù; iwájú orí pípá kò ní ìṣòro yẹn. Ẹni tí àtàrí rẹ̀ bá tètè pá, kó lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Minoxidil tí wọ́n ń fi pa orí pàápàá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọdún 1979 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún ìyẹn, àwọn aláìsàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun káàkiri ara; ní 1988 ni wọ́n wá fọwọ́ sí i fún orí. Bí ẹ bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, irun tó hù yóò re láàárín oṣù díẹ̀.

Finasteride, oògùn irun mìíràn fún ọkùnrin, ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1974, Julianne Imperato-McGinley ti Cornell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ọmọ kan ní Salinas, ní Dominican Republic, tí wọ́n kà sí obìnrin nígbà tí wọ́n bí wọn, tí wọ́n sì di ọkùnrin nígbà tí wọ́n bàlágà. Ara wọn kì í lè sọ testosterone di DHT, èyí tó ń mú orí ọkùnrin pá. Bí wọ́n ti ń dàgbà, orí wọn kò pá, ẹṣẹ́ próstéètì wọn sì kéré. Ilé iṣẹ́ Merck gba ọ̀nà yẹn ṣe finasteride, tó ń dí ìyípadà yẹn lọ́wọ́: wọ́n fọwọ́ sí i ní 1992 fún próstéètì, ní 1997 fún irun. Ó lè dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù fún àwọn kan, aboyún kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó bá fọ́. Ẹni tó bá ń lò ó, tó sì fẹ́ ṣe àyẹ̀wò PSA, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún próstéètì, kó sọ fún dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Oògùn náà ń bu PSA sí nǹkan bí ìdajì láàárín oṣù díẹ̀. Dókítà tí kò mọ̀ yóò rí 3, yóò ní kó máa lọ sílé ní àlàáfíà, nígbà tó yẹ kó kà á sí 6.